Bí Tìámíyù Àrẹ̀mú Ṣe Ṣẹ́gun Tọ́ọ̀ṣì Mátírọ̀nù

Ẹni tó jókòó kó dìde, ẹni tó dúró kó ṣí fìlà, ẹni tí kò ní fìlà kó fọwọ́ kan orí, nítorí orúkọ tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu gààrí pè. Tìámíyù Àrẹ̀mú ni! Atúnrédíò-ṣe ìlú Ṣakí, àjànàkú tó ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù tí ewúrẹ́ méjì kò lè yípo nínú rẹ̀, ẹ̀fọ̀n tó fi wáyà ṣe ìwo, akọni tó tún fáànù ìmáàmù ṣe tí fáànù náà fi gba ìsinmi títí di òní. Ọmọ Gbádérò ni, Gbádérò tó tú aago ògiri ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, tó tò ó padà lọ́jọ́ Ẹtì, tí eyín aago mẹ́ta sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, tó ní àwọn tó ṣe aago náà ló ṣe àṣejù. Ọmọ-ọmọ Ògúnsọlá alágbẹ̀dẹ ni, ẹni tó rọ ọkọ́ kan, tí ọkọ́ náà ká bí ewé àgbàdo lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ebè, tó sì bá oníbàárà wí pé ilẹ̀ oko rẹ̀ ló ń ṣe agídí. Ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í sùn. Ó ń ṣàn bọ̀ láti ìran dé ìran, ó ń wá ogun tí yóò jà, ìgbà tí kò sì rí ogun, ó rí tọ́ọ̀ṣì.

Tọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ti Tìámíyù. Ti Mátírọ̀nù Fẹ́hìntọlá ni, obìnrin tó ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà kajú, tó ti ń gbẹ̀bí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò sí ẹni tó kọ oríkì kankan fún un rí, bóyá nítorí pé ọmọ ènìyàn lásán ló ń bá wọn mú jáde. Yàrá ìbímọ rẹ̀ ní fèrèsé kan ṣoṣo, aládùúgbò sì ti mọ ògiri ilé tirẹ̀ síwájú fèrèsé ọ̀hún, débi pé lọ́sàn-án gangan, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á fọwọ́ wá bẹ́ẹ̀dì. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì máa ń wá lóòótọ́, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rọbí ni. Èyí ló mú kí àbúrò Mátírọ̀nù tó wà ní Jámánì fi tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ránṣẹ́ sí i, dúdú, wúwo bí ọmọ odó, iná rẹ̀ lè ka àwọn àwòdì tó wà lórí òkè kejì.

Àléébù kan péré ló ní. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà ní ìdí rẹ̀, oríṣi ìwà mẹ́rìnlá ló sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan, á tàn bí ìmùmùná tó ń ṣàìsàn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì wéré, á máa kọ bí mànàmáná. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ṣẹ́jú láti fi sọ iye agbára tó kù nínú bátìrì. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á ti ara rẹ̀ pa, kò ní dá ọmọ ènìyàn lóhùn mọ́, àfi bí o bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí o bá sì di bọ́tìnì mú pẹ́, iná á máa ga, á máa ga, títí ara rẹ̀ á fi gbóná, tí yóò wá bẹ̀rù ara rẹ̀, tí yóò tún padà di ìmùmùná. Mi ò tíì dé ìdajì. Ìwé tó bá a wá ní ojú ewé méjìlélógójì ní èdè mẹ́sàn-án, Yorùbá kò sì sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Rábì ìyàwó télọ̀ ń rọbí lọ́wọ́ nínú yàrá náà. Mátírọ̀nù na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì, àtàǹpàkò rẹ̀ tutù, ó yọ̀ lórí bọ́tìnì, ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́. Hà! Yàrá di ojú òjò. Iná ń kọ, ó ń pa, ó ń kọ, ó ń pa. Ìyá ọkọ Rábì tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pariwo pé, "Ọlọ́pàá ti dé!" ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde láìwọ bàtà. Rábì fúnra rẹ̀ la ojú, ó rí Mátírọ̀nù tó ń fara hàn tó sì ń pòórá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà pé òun ti kọjá. Mátírọ̀nù ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ká kọ́tìnì sókè, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ tó tó ọmọ ìka kan gba ọmọ. Ọmọ dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mátírọ̀nù gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lórí tábìlì Tìámíyù bí ẹni gbé òkú ejò sílẹ̀.

"Tìámíyù, ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí nǹkan yìí máa ṣe. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kó tàn. Bí mo bá tún un tẹ̀, kó kú. Kò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan mọ́ láyé."

"Ó ti parí, mà," ni akọni wí.

"Kò tíì parí. Mo mọ̀ ọ́." Mátírọ̀nù yí ojú sí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Sìfáwù ìyàwó Tìámíyù jókòó sí tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, tí oyún rẹ̀ sì ga débi pé orí oyún ló gbé àwo ẹ̀gúsí lé. "Ìyàwó ẹ ló kàn láti bí nínú yàrá yẹn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Rántí ìyẹn kó o tó bẹ̀rẹ̀ àrà ẹ."

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yẹpẹrẹ kan ì bá yọ ọpọlọ inú tọ́ọ̀ṣì náà sọnù, kó so wáyà láti bátìrì dé bọ́tìnì, láti bọ́tìnì dé gílóòbù, kó fi ìdènà kékeré kan sáàárín kí gílóòbù má baà jó, kó sì gbé e fún ẹni tó ni ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìṣẹ́jú ogún. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí ibi tí kìnnìún ti pa ẹran tán láìkọ́kọ́ bú ramúramù kí gbogbo igbó gbọ́? Tìámíyù tú tọ́ọ̀ṣì náà, ó fi ẹ̀mú gbé páńẹ́lì róbótó kan tí kò tóbi ju ẹyọ kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó sì kéde fún ìyàwó rẹ̀, fún adìyẹ méjì, àti fún alágbàṣe kan tó ń kọjá lọ, pé, "Èyí ni wọ́n ń pè ní dírẹ́bà. Bí dírẹ́bà ṣe ń wa ọkọ̀ ló ṣe ń wa iná, láti inú bátìrì dé ẹnu gílóòbù. Òun ló ń pinnu bí iná á ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tó máa ṣẹ́jú."

"Dírẹ́bà tí kò ní láísẹ́nsì nìyẹn," Sìfáwù dáhùn, kò sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí.

Akọni kò gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n fi dírẹ́bà tuntun ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ èrò, òfìfo ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní ìwà, tí ẹni tó rà á yóò fi kọ̀ǹpútà kọ́ ní èyí tó bá fẹ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ìdè ọrùn rẹ̀ ti já ti ògiri, ó so wáyà tín-ín-rín mọ́ páńẹ́lì, ó sì jókòó. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi jókòó. Ó ń kọ, ó ń pa rẹ́, ó ń jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀, ó ń jó ìka. Àwọn rédíò tí wọ́n gbé wá fún un láti oṣù tó kọjá tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹrú ogun. Ìgbà tó sì jáde kúrò nínú iṣẹ́ náà, ohun méjì tí Mátírọ̀nù bèèrè ti di mọ́kànlá.

Ó wọ agbádá. Mo tún un sọ, ó wọ agbádá láti lọ dá tọ́ọ̀ṣì padà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, ó tú bébà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni tó ń ka ìwé oyè: ìtẹ̀ kan fún iná ìpele kìíní, ìtẹ̀ méjì fún mànàmáná, ìtẹ̀ mẹ́ta fún ìpele kejì, ìtẹ̀ kan tó pẹ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ méjì tó yá fún iná tó ń wá díẹ̀díẹ̀ bí òwúrọ̀, ìtẹ̀ méje fún iná tó ń mì bí fìtílà, èyí tó fi síbẹ̀ nítorí ẹwà. Mátírọ̀nù jẹ́ kó kà á dé òpin. Ìgbà tó parí, obìnrin náà nu ọwọ́ nù.

"Tìámíyù. Nígbà tí orí ọmọ bá yọ, ọwọ́ mi kan wà lórí ọmọ, ìkejì wà lábẹ́ ìyá. Àtàǹpàkò kan ló ṣẹ́kù fún tọ́ọ̀ṣì rẹ. Ta ló máa bá mi ka iye ìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ kò ní láti lo gbogbo ẹ̀, mà. Ẹ kàn máa yan èyí tó bá wù yín ni. Ọ̀nà kan ò wọjà."

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà wáyé," ni Mátírọ̀nù wí. Ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan láti dán an wò. Tọ́ọ̀ṣì náà kọ mànàmáná sí i lójú. Ó gbé e lé akọni lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bí ọkùnrin náà ti ń padà lọ sílé pẹ̀lú agbádá rẹ̀, nǹkan kan ṣe é tí kì í ṣe akọni. Ó rántí Rábì. Ó rántí bí télọ̀ ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà ní mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín, tí òun Tìámíyù rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, kó tó wá yé e lójú ọ̀nà yìí pé bẹ́ẹ̀dì kan náà ni Sìfáwù máa dùbúlẹ̀ sí. Ohun tí ọkùnrin lè ṣe níbi ìrọbí kò pọ̀. Kò lè bá a tì, kò lè bá a jẹ ìrora, wọn kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó wọlé. Nínú gbogbo yàrá yẹn, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè kàn. Ọwọ́ rẹ̀ sì ti kàn án, ó sì ti bà á jẹ́. Ó bọ́ agbádá lójú ọ̀nà, ó fi wé tọ́ọ̀ṣì náà, ó sì há a mọ́ abíyá.

Nígbà náà ni ogun gan-an bẹ̀rẹ̀! Ẹ fún mi láàyè kí n pa ohùn dà! Akọni jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fa idà yọ, ìyẹn ni pé ó fi ìka sórí bọ́tìnì tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ó sì kọjú sí àwọn ọ̀tá mọ́kànlá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bí. Ó bẹ́ orí iná-bí-òwúrọ̀. Ó gún iná-bí-fìtílà ní ìhà, èyí sì dùn ún díẹ̀ nítorí ẹwà. Ìpele kejì ṣubú, ìpele kẹta bẹ̀bẹ̀, kò gba ẹ̀bẹ̀. Asọ-agbára-bátìrì tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í, ó pa á lẹ́nu mọ́ títí láé. Ó sun ibùdó Ati-ara-rẹ̀-pa. Mànàmáná, ọba wọn, oníjọ̀gbọ̀n tó lé ìyá ọkọ jáde láìwọ bàtà, ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò títí tí ìlà kan nípa rẹ̀ kò fi ṣẹ́kù. Pápá ogun mọ́ tónítóní. Àṣẹ méjì péré ló dúró: tàn, kú. Akọni tẹ bọ́tìnì.

Tọ́ọ̀ṣì tàn, ó sì kú lójú ẹsẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Ó tàn, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó kú, ó tún tàn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Tìámíyù fi bá ẹ̀mí àìrí yìí jà. Ó fi ẹ̀sùn kan oníṣòwò Ìbàdàn. Ó fi kan ilẹ̀ Ṣáínà láti olú-ìlú rẹ̀ dé abúlé. Ó fi kan ọ̀rinrin, ó fi kan òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lórí òkè, ó tilẹ̀ wo àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní ìwòkuwò. Ó yí bátìrì padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ku ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé orí lé tábìlì.

Sìfáwù dìde lórí bẹ́ǹṣì, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún un lásìkò náà. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìdí rẹ̀ sí etí, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Bàbá Káfáyà," ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, "bọ́tìnì yín ń kólòlò."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ró. Tá-tá. Dírẹ́bà yín ń dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ní kó ní sùúrù díẹ̀ kó tó dáhùn, bí a ti ń ṣe fún akólòlò. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Akọni rín ẹ̀rín kan tí ẹni ńlá ń rín sí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ó rín ẹ̀rín náà tán. Ó wá yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sí ìyàwó rẹ̀ kó má baà rí ohun tó ń kọ, ó kọ ìlà kan ṣoṣo, pé kí ọpọlọ náà dúró níwọ̀n ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, kó má ka ìró kejì. Ó jó wáyà pọ̀, ó dé ìdí tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Ó tún un tẹ̀. Ó kú. Ó ṣe é ní ìgbà ogójì, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

"Mo ti fura sí i tẹ́lẹ̀," ni Tìámíyù wí. Èmi tí mò ń ròyìn kò ní jiyàn. Oríkì kò gba orúkọ méjì.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì nígbà tí àwo ẹ̀gúsí fọ́n ká ilẹ̀. Sìfáwù ti di ojú ilẹ̀kùn mú. "Ó ti yá," ló sọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, òjò sì ti ṣú bo gbogbo Ṣakí, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Kí ni akọni ṣe? Akọni gbá tọ́ọ̀ṣì mú bí ọ̀kọ̀, ó fò jáde, ó sì sáré! Ó fo kòtò, ó gba àárín àwọn ewúrẹ́ kọjá, ó ń ké pé kí wọ́n yà fún òun, ó sáré dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí pé òun kò mú ìyàwó òun dání. Bó ti yíjú padà ni ọ̀kadà aládùúgbò wọn bọ̀, tí Sìfáwù jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó di àpò aṣọ ọmọ mọ́ra. "Bàbá Káfáyà," ló sọ bí wọ́n ti ń kọjá lára rẹ̀, "ẹ máa bọ̀."

Mátírọ̀nù gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò dúpẹ́, ó wọlé. Tìámíyù dúró sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀, láàárín fèrèsé àti ògiri aládùúgbò, níbi tí omi ti ń dà sí i lọ́rùn, ó sì tẹ ojú mọ́ etí kọ́tìnì. Kò rí nǹkan kan ju ìlà ìmọ́lẹ̀ funfun kan lọ. Ó gbọ́ ohùn Sìfáwù tó ń bọ̀ láti ibi jíjìn kan tí òun kò lè dé. Ó gbọ́ Mátírọ̀nù tó ń sọ pé, "Tún un ṣe. Tún un ṣe, ìyá mi." Ó ń wo ìlà ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣẹ́jú, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo wákàtí méjì àti ààbọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣẹ́jú. Ọkùnrin tó ń wò ó náà, bóyá ló ṣẹ́jú.

Ọmọ ké. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Obìnrin ni," ni Mátírọ̀nù wí. "Ara ìyá le, ara ọmọ le."

"Ṣé ó ṣẹ́jú?" ni akọni bèèrè.

"Ta ni?"

"Iná, mà."

Mátírọ̀nù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì tó ṣì ń tàn lé e lọ́wọ́. Ohùn Sìfáwù ti inú yàrá wá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká: "Ẹ bá mi sọ fún un kó wọlé wá wo ọmọ ẹ̀. Kó sì pa nǹkan yẹn, ó ń ta ọmọ lójú."

Tìámíyù tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Tọ́ọ̀ṣì kú. Omi ń dà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé òjò ni.

Nítorí náà, kí ará Ṣakí gbọ́, kí ará Ìgbòho gbọ́, kí Òkè-Ògùn gbogbo gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní òdìkejì odò! Kí àwọn tó kọ ìwé olójú ewé méjìlélógójì forí balẹ̀! Ní ọdún yìí, ní oṣù yìí, lábẹ́ òjò, Tìámíyù Àrẹ̀mú ọmọ Gbádérò, ọmọ-ọmọ Ògúnsọlá, pa ìwà mẹ́rìnlá, ó tún pa mọ́kànlá tirẹ̀ lé e lórí, ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì kan kalẹ̀ láàárín aráyé, èyí tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, á tàn, bí o bá sì tún un tẹ̀, á kú! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti ń ra tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú ní ọjà, tí gbogbo wọn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta! Kí wọ́n fi dá ọdún mọ̀!

Wọ́n ní obìnrin kan tilẹ̀ bímọ lọ́jọ́ ọ̀hún.